Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ ní Kétu: Àgbàdo Tútù, Ayò àti Àlọ́

Ní Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, àárín òjò ni ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ máa ń bọ́ sí. Àwọn ọmọ á ti máa pariwo pé fakáǹsì dé, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀. Òjò á máa rọ̀ títí di nǹkan bí àárín oṣù keje. Lẹ́yìn náà á dá díẹ̀, oṣù kẹjọ á tutù, òjò á sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ẹbí tó ń kó ọmọ bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé máa ń rò pé oòrùn ni àwọn ń bọ̀ wá yá. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ẹ̀wù tó nípọn kan sínú àpò, kí wọ́n sì mú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, nítorí dandan ni kí ẹni tó ń wọ Benin ní in. Kí wọ́n rí dókítà ṣáájú ìrìn àjò pẹ̀lú. Ara ọmọ tí a kò tọ́ níbí kò mọ ibà ẹ̀fọn rárá, oògùn ìdènà rẹ̀ sì wà tó jẹ́ pé a ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ká tó gbéra, tí a ó ṣì máa lò nígbà tí a bá padà délé. Ní ti àwọ̀n ẹ̀fọn, ọmọ ilé àti ọmọ àlejò ló gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nípa oṣù méjì yìí ni bí a ṣe ń lo ọmọ. Gbé omi wá, mú ọ̀bẹ wá, sáré ra iyọ̀: ọmọ tí a ń rán bẹ́ẹ̀ á mọ ọ̀nà ọjà, kò ní mọ ọbẹ̀ sè. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kan tó ti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí àgbàlagbà máa ń rántí nípa ilé ìyá rẹ̀, ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó bá ìgbà yìí mu jù ni àbàrí, tí àwọn mìíràn ń pè ní sàpàlà, torí àgbàdo tútù ti dé láti oko. Ìgbà tí a bá ń ra àgbàdo ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ ṣí èèpo díẹ̀, kí ó fi èékánná tẹ ọmọ àgbàdo kan. Bí omi tó mọ́ gaara bá jáde, ó ti kéré jù, àbàrí rẹ̀ kò ní dì. Bí ohun funfun bíi wàrà bá jáde, òun la fẹ́. Bí kò bá sí ohunkóhun tó jáde, ó ti gbó, á máa rin ẹnu. Odindi àgbàdo 12 tó fún ilé ènìyàn mẹ́fà. Ọjọ́ tí a bá rà á gan-an ni ká sè é, nítorí adùn rẹ̀ kì í dúró, bí a bá sì ti lọ̀ ọ́ tán tí ó sùn mọ́jú, á kan.

Ọmọ ọdún márùn-ún lè bó èèpo kí ó sì ṣa irùngbọ̀n àgbàdo kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè yọ ọmọ rẹ̀: ẹ fi orí ọ̀bẹ bá a yọ ẹsẹ̀ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun á wá máa fi àtàǹpàkò ti ẹsẹ̀ kejì sí àyè tó ṣí sílẹ̀ yẹn. Bí ẹ kò bá ṣí ọ̀nà fún un, á máa tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni, omi rẹ̀ á sì tán sílẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé méjì, ata rodo kan àti àlùbọ́sà ńlá kan. Omi tí kò ju ìkáwọ́ kan lọ ló tó. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ, ẹ bẹ ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kó kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹ̀rọ, nítorí bí ògì ló lọ̀ kẹ́yìn, kíkan rẹ̀ á wọnú àbàrí yín. Epo pupa ìdajì ife àti iyọ̀ ṣíbí kékeré kan ló tẹ̀ lé e, ká wá rò ó pọ̀ dáadáa.

Ewé éèran ni mo fara mọ́ ju agolo lọ, nítorí òórùn rẹ̀. Ẹ fọ ojú rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ọ̀bẹ fá ẹ̀yìn egungun rẹ̀ kó lè ká láìya, ẹ fi ewé méjì di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ to ìtì ewé sí ìdí ìkòkò, kí omi má ga dé ibi tí àbàrí jókòó sí. Wákàtí kan ni lórí iná tí kò le jù. Bí omi bá ń tán, omi gbígbóná la ó fi kún un, torí omi tútù á dá ìgbóná dúró, àárín rẹ̀ á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Iná jẹ́ ti àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ ni kó ṣí ewé àkọ́kọ́, òun náà ni kó sì bu àbàrí fún ìyá àgbà.

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ayò ló kàn. Bí kò bá sí ọpọ́n, ilẹ̀ tútù lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó: ẹ gbẹ́ ihò mẹ́fà mẹ́fà lọ́nà méjì, kí ìka mẹ́rin lè wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò. Apá ọ̀tún ẹni ni a ń pín in gbà. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò ẹnì kejì, tí ó sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o kó o. Bí ihò tó ṣáájú rẹ̀ náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, o kó ìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá kó 25 ló jẹ. Àwọn ọmọ máa ń gbàgbé òfin méjì: bí ọmọ ayò tí wọ́n ń pín bá tó 12, wọ́n gbọ́dọ̀ fo ihò tí wọ́n ti kó o, bí ẹnì kejì kò bá sì ní nǹkan mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan tí á fi ta. Èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta jókòó tì wọ́n láìsí àgbà, nítorí ọmọ ayò lè há a lọ́fun.

Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ mú wọn lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè ìlú àtijọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ogun ìjọba Dànhọ̀mẹ̀ àtijọ́ pa ìlú yìí run ní 1886, àti pé àwọn ènìyàn Kétu padà wá tún un kọ́.

Alẹ́ ni ti àlọ́. Ọmọ tó ń fi èdè Faransé ronú kò lè jókòó kó pa odindi àlọ́, ẹ má sì fi dandan mú un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ègbè. Nínú àlọ́ Ìjàpá tó lá ọbẹ̀ tí babaláwo sè fún Yánníbo, tí ikùn rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ kan péré ni ègbè orin rẹ̀: alùgbinrin. Ọmọ tó dé láti Paris lánàá lè gbè é. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ bọ́ sí àlọ́ àpamọ̀. "Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun": òjò tó ń rọ̀ lóde ni. "Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́": ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ọmọrogùn nínú ìkòkò ọkà kó tó gbọ́ èyí, òun fúnra rẹ̀ á já a. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ẹ ní kí ó pa àlọ́ Ìjàpá yẹn fún àbúrò rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ láàárín, ẹ má fi Faransé bá a parí rẹ̀. Ẹ dá orin náà, ẹ jẹ́ kó gbè é, á rántí ibi tó dé.