Aṣọ sísá n'Íbàdàn, aṣọ sísá ní Glasgow

"Ẹ̀rọ ló ń fọṣọ fún yín níbẹ̀, kí lẹ tún ń ráhùn sí?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ará ilé n'Íbàdàn, bí wọ́n bá ń bá àwa tí a wà ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí wọ́n sì ń ní kí á fi ẹ̀rọ ìfọṣọ ránṣẹ́. Wọn kò fi bú èèyàn. Ohun tí wọ́n rí nínú fọ́tò ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ sì ni pé ẹ̀rọ ń fọṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe ìyàwó ilé ní ìlú méjèèjì mọ̀ pé fífọ̀ kọ́ niṣẹ́. Gbígbẹ niṣẹ́.

T'Ìbàdàn kò gba àlàyé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ Sátidé, báàfù mẹ́ta: ti ọṣẹ, ti ṣíṣàn àkọ́kọ́, àti ti ìkẹyìn tí a ń fi búlúù sí fún aṣọ funfun. Ìyá wà lórí àpótí, àwọn ọmọ ń pọnmi, ẹnì kan ń fún aṣọ, ẹnì kan ń sá a. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga ti fà, omi tí a fi ṣan funfun la ó fi fọ dúdú, òun náà la ó sì fi fọ ilẹ̀. Aṣọ tí a sá ní aago mẹ́wàá, ó ti gbẹ kí á tó jẹun ọ̀sán. Ọyẹ́ a máa da eruku sí i, oòrùn a sì máa pa àwọ̀ àdìrẹ tí a kò bá yí inú rẹ̀ síta. Ó tán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òjò Glasgow kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Ìbàdàn lọ. Ìlú méjèèjì ló ń gba ju 1,100 mílímítà òjò lọ́dún. Ti Ìbàdàn a máa kéde ara rẹ̀: á ṣú, á sán àrá, afẹ́fẹ́ á jà, á rọ̀ dáadáa, lẹ́yìn wákàtí kan oòrùn ti yọ padà. Ti Glasgow kì í kéde. Wínniwínni ló ń rọ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà nínú ilé kò ní gbọ́ ọ lórí òrùlé rárá. Nínú oṣù Kejìlá, ó ń lọ sí aago mẹ́sàn-án kí oòrùn tó yọ, kó sì tó lu aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀. Aṣọ tí ẹ bá sá síta ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe sá a lẹ ó ṣe kó o, àfi bí ó bá tún wúwo sí i.

Nítorí náà inú ilé là ń sáṣọ sí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba kílò 7, tó ń fi aṣọ yí ìgbà 1,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, á fún un ju bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ṣe lè fún un lọ. Síbẹ̀, nǹkan bíi lítà omi méjì sí mẹ́ta ṣì wà nínú aṣọ ọ̀hún nígbà tí ẹ bá ń kó o jáde. Omi yẹn kò ní ibòmíràn láti lọ ju inú afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Ó ń wá ibi tó tutù jù: gíláàsì fèrèsé, igun ògiri tó kọjú síta, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Kò ní pẹ́ tí àmì dúdú tóótòòtó á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀. Onílé á ní ẹ̀yin ayálégbé lẹ fà á tí ẹ ń sáṣọ sínú ilé, kí ẹ máa ṣí fèrèsé. Ẹ ṣí fèrèsé, ooru tí ẹ fowó rà bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àwọn kan ra ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè jẹ iná tó yúnìtì mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, yúnìtì kan sì tó nǹkan bíi pẹ́ńsì 25. Ìyẹn jẹ́ pọ́n-ùn kan fún agbọ̀n aṣọ kan, bẹ́ẹ̀ agbọ̀n mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan nínú ilé ọlọ́mọ. Èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ wà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń tà á ga. Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ tún ń sún aṣọ òwú kì. Búbá tó bá àyà mu lọ́sẹ̀ tó kọjá á di ti ọmọ.

Ohun tó dára jù lójú tèmi ni ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́. Ẹ kó aṣọ sí yàrá tó kéré jù nínú ilé, ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sáàárín aṣọ kan àti èkejì, ẹ gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lábẹ́ wọn, ẹ pa ilẹ̀kùn àti fèrèsé dé. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ ti gbẹ, omi ti kún agolo ẹ̀rọ náà tí ẹ ó dà nù. Ẹni tó bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀rinrin gbogbo Glasgow ló ń bá wọn fà.

Àwọn ilé olókùúta àtijọ́ ní Glasgow tún ní ohun kan tí a kò ní nílé, pulley ni wọ́n ń pè é. Òkè àjà ilé ìdáná ló so rọ̀ sí: irin méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, igi gbọọrọ mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín wọn, àti okùn tó gba òkè lọ sí ara ògiri. Ẹ ó tú okùn, igi á sọ̀kalẹ̀ dé iwájú yín, ẹ ó to aṣọ lé e, ẹ ó tún fà á padà sókè. Àwọn ilé yẹn ga nínú, ooru a sì máa lọ sókè, torí náà aṣọ ń gbẹ níbẹ̀ láìgba ààyè ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kó aṣọ tó wúwo sí apá kan, yóò dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì ya lulẹ̀. Ẹ máa wo okùn náà níbi tó ti ń gba inú irin òkè kọjá, torí ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ gbó. Olórí ìṣòro rẹ̀ ni pé ilé ìdáná ló wà. Òyìnbó tó ṣe é kò mọ irú. Ẹ dín ata lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ á gbé òórùn ẹ̀fọ́ rírò dé kíláàsì. Ẹ kọ́kọ́ se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà tán, kí ẹ ṣí fèrèsé fún wákàtí kan, kí aṣọ tó gòkè.

Ibi tí Glasgow ti ju Ìbàdàn lọ ni omi. Láti ọdún 1859 ni wọ́n ti ń fa omi láti adágún Loch Katrine wá sí ìlú náà, omi yẹn sì rọ̀ gan-an: ọṣẹ díẹ̀, ó ti hó. Àwa tí ọwọ́ wa ti mọ́ omi kànga tí kì í hó bọ̀rọ̀, ọṣẹ la máa ń dà jù. Ọṣẹ tó bá pọ̀ jù kì í ṣàn tán; ó ń kù sínú aṣọ, ó ń yún ọmọ lára, ẹ̀rọ pàápàá á sì máa rùn. Iye tí wọ́n kọ sára páálí fún omi tó rọ̀ ni kí ẹ lò.

Àwọn aṣọ tiwa kò sì gbọdọ̀ bá ti ojoojúmọ́ wọ inú ẹ̀rọ. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ àdìrẹ, lóun nìkan, títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ibòji ni kí ẹ sì sá a sí. Léèsì, inú àpò oníhò wínníwínní, kí síìpù aṣọ mìíràn má baà fà á ya. Gíní, ẹ̀rọ á pa dídán rẹ̀. Ọwọ́ ni, pẹ̀lú sítáàṣì, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kó tó gbẹ tán. Òfì, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ sá a sí atẹ́gùn, ẹ fi ìnulẹ̀ aṣọ gbọn eruku rẹ̀, ẹ ká a padà sínú àpótí.

Gbogbo ìyẹn ṣeé kọ́. Ohun tó ń dunni kò sí nínú rẹ̀.

N'Íbàdàn, bí òjò bá ṣú, ẹnì kan á ké láti inú ọgbà: "Ẹ kó aṣọ o!" Bí ẹ kò bá sí nílé, aṣọ yín wà ní ilé aládùúgbò, ó ti ká a sórí àga. Ẹ ó lọ gbà á, ẹ ó jókòó, ọ̀rọ̀ á sì jáde. Ara okùn la ti ń mọ ẹni tó bímọ, ẹni tí àlejò dé bá, ọmọ tí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ti kéré jù. Ìyá kan á wo àǹkárá kan, á ní, "Aṣọ ìsìnkú bàbá wa kọ́ nìyí?" Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ á sì gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n jókòó.

Ní Glasgow, ẹ̀yìn ilé wà tí gbogbo ayálégbé jọ ní, òpó ìsáṣọ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan aṣọ ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìkórìíra. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí. Òjò á pa á títí ẹ ó fi dé láti ibi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ilé: kúbùsù tí ẹni méjì ń dì mú lórí àti lẹ́sẹ̀, tí ọ̀kan ń lọ́ ọ sọ́tùn-ún, tí èkejì ń lọ́ ọ sósì, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yẹn. Aṣọ ibùsùn tí ọmọ ń bá ìyá ká, a ti ń tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ká a fúnra wa, tàbí kí á fi àgbọ̀n di etí kan mú. Iṣẹ́ náà yára. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀.

Ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe bí òyìnbó nìyẹn. Àwọn obìnrin Glasgow náà ní ibi tí wọ́n ti jọ ń fọṣọ nígbà kan, steamie ni wọ́n ń pè é, ìròyìn ibẹ̀ sì gbóná débi pé títí di òní, ohun tí gbogbo ìlú bá ń sọ, ọ̀rọ̀ steamie ni wọ́n ń pè é. Òpó ìsáṣọ àtijọ́ ṣì wà ní ìdúró lórí pápá Glasgow Green. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọ ilé kọ̀ọ̀kan ni oníkálukú bá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. N'Íbàdàn náà, àwọn ilé tó ní ògiri gíga àti géètì ti ń rí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kí á padà wá nítorí okùn aṣọ, òun kọ́ ló ń pọnmi. Ọmọbìnrin ló ń pọn ọ́n, kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń sùn. Níhìn-ín ìwé ló ń kà ní àkókò yẹn. Fún èyí nìkan, mo lè máa dá ká aṣọ ibùsùn títí.

Ní ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ẹ ní kí á fi ránṣẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á fi owó ṣòfò. Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú fẹ́ omi tó ń tì í wá gidi. Táǹkì tí kò bá ga tó nǹkan bíi mítà márùn-ún sí i kò ní kún un bó ṣe yẹ. Á kàn máa dúró, á máa fi àmì àṣìṣe hàn. Bí iná bá lọ láàárín, ilẹ̀kùn á tì mọ́ aṣọ àti omi nínú. Oníhò méjì ni kí ẹ rà, ihò kan ń fọṣọ, èkejì ń fún un, tí ẹ ń fi korobá bu omi sí fúnra yín. Ẹ lè fi omi ọṣẹ funfun fọ dúdú nínú rẹ̀, bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, apá tó ń fún aṣọ kò sì ní pa jẹnẹrétọ̀ kékeré. Wọ́n ń tà á ní Dùgbẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó pè wá padà.