Owó ìfẹ̀yìntì l'Ékòó àti l'Amẹ́ríkà: ta lẹ ń ṣọ́?

Ó máa ń dùn mí tí àwọn ẹbí tó wà ní Súrùlérè bá gbọ́ pé èèyàn ní ogójì ẹgbẹ̀rún dọ́là nínú 401(k), àpò owó ìfẹ̀yìntì tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń ṣètò fún òṣìṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ tó kàn á sì jẹ́ ilẹ̀ Ìkòròdú. Owó yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 59 àti ààbọ̀, tó bá yọ ọ́, á san owó orí, á tún san ìtanràn 10% lé e, àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà tí òfin yọ̀ǹda.

L'Ékòó, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8%, kí ilé iṣẹ́ dá 10%, lórí owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦300,000, ₦54,000 ló yẹ kó wọ RSA, àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó. Ilé iṣẹ́ lẹ ó máa ṣọ́ níbẹ̀.

Níhìn-ín l'Amẹ́ríkà, ara yín lẹ ó ṣọ́. Òfin ò fi dandan mú yín fi kọ́bọ̀ pamọ́, àmọ́ ó sọ ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ kọjá lọ́dún nínú 401(k): $23,500 ní 2025, $24,500 ní 2026. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 50 lè fi $8,000 kún ti 2026. Owó tí ilé iṣẹ́ bá fi ràn yín lọ́wọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ìgbà tí èèyàn bá pààrọ̀ iṣẹ́ ni wàhálà máa ń dé. Orí èèyàn ni òfin ka iye yẹn sí, kò kà á sórí ilé iṣẹ́. Bí ibi àkọ́kọ́ bá ti yọ $15,000 kí ẹ tó kúrò, tí ibi kejì tún yọ $12,000 ní 2026 kan náà, ẹ ti fi $2,500 kọjá, bí ẹ kò bá tíì pé ọmọ ọdún 50. Ibi kejì kò mọ ti àkọ́kọ́, kò sì ní dá a dúró. Ẹ wo àpótí 12 lórí W-2 méjèèjì, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń kọ owó ọdún yín sílẹ̀, ẹ ro iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ D pọ̀, pẹ̀lú AA bó bá jẹ́ Roth, ìyẹn irú tí ẹ ti san owó orí rẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n dá àlékún náà padà pẹ̀lú èrè rẹ̀ kó tó di April 15, 2027. Bí kò bá jẹ́ Roth tí ẹ sì jẹ́ kó kọjá, ẹ ó san owó orí rẹ̀ fún 2026, ẹ ó tún san án lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ọ́.

Ìkánjú náà ń pa owó. Kìkì nígbà tí ẹ bá dá tiyín ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fi tiwọn kún un. Ẹ kún $24,500 ní September, tiwọn náà lè dúró títí di December. Ẹni tó ń gbowó lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó má ju $942 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Gbogbo rẹ̀ le, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn ju kí n máa wo ojú ilé iṣẹ́ lọ. Òfin Nàìjíríà ní kí ilé iṣẹ́ tó bá fa owó RSA sẹ́yìn san ìtanràn tí kò dín sí 2% lóṣù, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀rù àtijẹ kì í fẹjọ́ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtijáde, ẹ gba àkọsílẹ̀ RSA yín lọ́wọ́ PFA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó náà, ẹ fi wé ìwé owó oṣù yín lóṣooṣù, kí ẹ tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti dé òkè òkun, lẹ́tà yín kì í tètè rí ẹni dáhùn rẹ̀ mọ́.