Nítorí Ilé Tí Ẹ Rí Nínú Fọ́tò

Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo fi sórí WhatsApp ẹbí, ó sì ti di ọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló dúró síwájú ilé, igi wà lẹ́yìn rẹ̀, odò tóóró kan ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pẹ́pẹ́yẹ méjì sì wà lórí omi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn mi ti ń pín yàrá ilé yìí fún ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní yàrá òkè á dára fún ọmọ òun tó ń wá físà. Àǹtí mi ní Agége pè mí, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ní, "Ẹ ti di onílé lókè òkun, ẹ má gbàgbé wa o." Èyí tó dùn mí jù ni ti àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó sọ fún àwọn tó kù pé mo ti gòkè tán, mo wá ń fa àkàbà sókè. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí gbogbo yín kà á pa pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti onílé kúrò ńlẹ̀. A ò kọ́lé, a ò sì ra ilé. Ayálégbé ni wá, oṣooṣù la ń sanwó. Almere ni ìlú náà ń jẹ́, ní Nẹ́dálándì, kò jìnnà sí Amsterdam bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìsàlẹ̀ omi ni gbogbo ibẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi odi gígùn kan dí ẹnu òkun ní 1932, wọ́n sì fa omi ìhà ibí gbẹ ní 1968. Ìparí 1976 ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé, àwọn tó ń gbé ìlú náà lónìí sì ti lé ní 220,000. Gbogbo igi tí ẹ rí nínú fọ́tò, ènìyàn ló gbìn ín. Odò yẹn, ènìyàn ló gbẹ́ ẹ kí omi lè rí ibi gbà, nítorí pé ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú àwọn ènìyàn tí a wà láàárín wọn. Wọn kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ láìkọ ọ́ sínú ìwé, bẹ̀rẹ̀ láti orí omi títí dé orí ẹni tó ń sùn nínú yàrá òkè.

Ẹ mọ Agége, kò yẹ kí n máa ròyìn rẹ̀ fún yín: iná, omi, gọ́tà, ariwo jẹnẹrétọ̀, owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ká tún wá fi ti agírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù èjẹ́ńtì lé e. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àmọ́ gbogbo wa la mọ iye ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, owó ni ọ̀rọ̀ ilé ní Èkó. Bí o bá ti rí owó, o lè wo ilé láàárọ̀ kí o kó ẹrù wọlé nírọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ pé ta ni ìwọ, ibo lo ti ń ṣiṣẹ́, ta ló máa bá ọ sùn nínú yàrá. Níbí, owó nìkan kì í ṣílẹ̀kùn.

Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nẹ́dálándì fi òwe yẹn ṣe òfin. Ẹni tó bá fẹ́ gbébẹ̀ ju oṣù mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gemeente, láàárín ọjọ́ márùn-ún tó bá dé. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi í ni pé níbo ló ń gbé. Wọ́n máa ń fẹ́ rí ìwé ilé, tàbí ìwé tí ẹni tó gbà á sílé fọwọ́ sí pé òun mọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa fún un ní nọ́ńbà kan, BSN. Nọ́ńbà yìí ni ibi iṣẹ́ máa bèèrè kí wọ́n tó máa sanwó fún un dáadáa, òun náà ni báǹkì, dókítà, ilé-ìwé ọmọ àti ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera máa bèèrè. Bó bá wá lọ wá ilé, onílé á ní òun fẹ́ rí ìwé owó oṣù, owó oṣù náà sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé. Ẹlòmíràn á ní mẹ́rin. Iṣẹ́ ń bèèrè nọ́ńbà, nọ́ńbà ń bèèrè ilé, ilé tún ń bèèrè iṣẹ́. Ibi tí ojú wa ti rí màbo nìyẹn.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà á fún un ní yàrá fún ọdún àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló sì ti gba nọ́ńbà. Lọ́jọ́ tó gbà á gan-an, ọmọ Gánà kan tí wọ́n jọ ń kàwé sọ fún un pé kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ilé àwọn woningcorporatie lójú ẹsẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni ẹgbẹ́ tó ń fi ilé olówó pọ́ọ́kú háyà fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Ní 2025, owó oṣù ilé tí wọ́n bá kà sí irú èyí kò gbọdọ̀ ju €900.07 lọ nígbà tí ènìyàn bá ń kó wọlé. Orí ìlà ni wọ́n ti ń gba ilé náà, iye ọdún tí orúkọ ẹni ti wà níbẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń wò. Ní agbègbè Amsterdam, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe pé ẹnì kan ta wá lọ́rẹ ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi dúró lórí ìlà.

Nígbà tí ọdún pé, ilé-ẹ̀kọ́ ní kó kó jáde. Èmi náà ti dé pẹ̀lú ọmọ. A wá yàrá títí. Tí ilé kan bá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, kí á tó jẹun ọ̀sán wọ́n ti ní àwọn tó kọ̀wé ti pọ̀ jù. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí wa pé òun ní ilé ẹlẹ́wà ní etí odò, àmọ́ òun wà nílẹ̀ òkèèrè, ká fowó ránṣẹ́ kí òun lè fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. A mọ̀ ọ́n fún olè. Èjẹ́ńtì kan sọ fún ọkọ mi lórí fóònù pé ilé ṣì wà, ó ní kó sọ orúkọ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ilé ò sí mọ́. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ aláwọ̀ funfun pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kó wá wò ó lọ́la. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo alẹ́ yẹn. Ó kàn ń ká ìwé owó oṣù rẹ̀ padà sínú àpò ìwé, ó ń tẹ́ ẹ.

Níkẹyìn, a rí yàrá kan ní Amsterdam Zuidoost, níbi tí àwọn èèyàn dúdú pọ̀ sí, tí a ti ń rí gàrí àti ẹja gbígbẹ rà. Ẹni tó fún wa ní yàrá náà sọ̀rọ̀ gbangba: "Ẹ lè sùn níbí, ẹ ò lè fi orúkọ yín síbí." Inú bí mi sí i nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá yé mi pé ayálégbé ni òun náà, ìwé tó fọwọ́ sí kò gbà á láyè láti fi yàrá háyà, ó sì ń gba owó ìrànwọ́ ilé lọ́wọ́ ìjọba. A ò lè gbé ibi tí orúkọ wa kò sí, nítorí náà a tún ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kan, tí ọmọ ń pààrọ̀ ilé-ìwé, títí ó fi kàn wá lórí ìlà.

Ẹ máa rò pé lọ́jọ́ tí wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́ la wọ inú ilé inú fọ́tò yẹn. Ìhòòhò ni ilé náà wà. Bí ayálégbé bá ń kó jáde níbí, ó sábà máa ń ká ohun tó tẹ́ sílẹ̀ lọ, á kó kọ́tìnì àti iná lọ. Kankéré eléérú ni mo tẹ̀ wọlé, àmì gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ káàkiri. Wáyà méjì-méjì ń rọ̀ láti àjà yàrá kọ̀ọ̀kan láìsí gílóòbù. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, iná fóònù la fi wá ibi tí ọmọ máa sùn sí. Ọkọ mi ló tẹ́ pákó sílẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Èmi ni mo rán kọ́tìnì.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ yàrá òkè. Bí ẹnì kan nínú yín bá wá kí wa gẹ́gẹ́ bí àlejò, kó lo ìwọ̀nba ọjọ́ kó padà, ilẹ̀kùn wa ṣí, ẹ bi Màmá tó ti wá rí. Ẹni tó bá fẹ́ máa gbé, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé gemeente. Àwọn tó ni ilé gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwa náà ń gba ìrànwọ́ owó ilé; bí àgbàlagbà kan bá bá wa gbé, owó tó bá ń wọlé fún un, wọ́n máa kà á mọ́ tiwa, ìrànwọ́ náà lè dín kù tàbí kó dúró. Bí a bá fi ṣe bòńkẹ́lẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ lè rán ènìyàn wá wo iye ẹni tó ń gbébẹ̀, wọ́n sì lè ní ká dá gbogbo owó tí a ti gbà padà. Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe àsọdùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí ni wọ́n fẹ̀sùn èrú kàn níbí lórí owó ìrànwọ́ ìtọ́jú ọmọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó ti ilẹ̀ mìíràn wá. Wọ́n ní kí wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò padà, ilé àwọn mìíràn tú, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn náà kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé gbogbo ìjọba Mark Rutte, olórí ìjọba nígbà náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní January 2021. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí kò jẹ̀bi, kí ni wọ́n máa ṣe fún èmi tí mo bá fọwọ́ ara mi jẹ̀bi?

Àdúgbò wa dákẹ́, òótọ́ ni. Ní ọjọ́ Sunday, mo lè gbọ́ ohùn ẹyẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má kanlẹ̀kùn. Aládùúgbò máa ń kí mi, á sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, á wọlé rẹ̀. Bí mo bá bímọ lónìí, wọ́n á fi káàdì sínú àpótí ìwé, kò sí ẹni tó máa gbé omi gbígbóná. Mo ń ṣàárò yín. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Zuidoost nígbà mìíràn, ohun tí mo sì máa ń torí rẹ̀ lọ jù ni kí n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹni tí mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ lẹ rántí ọdún tí lánlọ́ọ̀dù wa ṣí páànù orí yàrá wa ní àárín òjò, torí pé Bàbá ní kó ní sùúrù di ìparí oṣù. Ìwé ìdánwò mi rẹ sínú omi, Màmá fi ìró bo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Ara mi ò tíì gbàgbé. Níbí, onílé tó bá fẹ́ kí n jáde, tí mo sì kọ̀, iwájú adájọ́ ni a jọ máa lọ. Owó ilé ń gòkè lọ́dọọdún, ní July, òfin sì dá a dúró síbi kan. Wọ́n ní máàkì tí wọ́n ń fún ilé: bí yàrá ṣe tóbi tó, irú ilé ìdáná, bó ṣe ń pa ooru mọ́ tó. Iye máàkì ló ń sọ iye tí onílé lè gbà. Láti July 2024, ó ti di dandan fún àwọn onílé aládàáni náà, àyàfi bí ilé bá kọjá máàkì 186. Bí mo bá rò pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, mo lè kọ̀wé sí Huurcommissie, ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà owó ilé láàárín onílé àti ayálégbé, kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n. Ọmọ mi sùn nínú òjò alẹ́ àná, mi ò jí wò ó. Tìtorí ìyẹn ni mo ṣe ń fara da gbogbo ìwé wọn àti ìdákẹ́jẹ́ wọn.

Àbúrò mi, bí o bá ṣì fẹ́ wá, ilé-ẹ̀kọ́ ni kí o gbà wá. Kí o tó sanwó fún wọn, bi wọ́n bóyá wọ́n máa fún ọ ní yàrá, bi wọ́n bóyá o lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìbéèrè kejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n bá ní rárá, wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí o bá dé tí o gba nọ́ńbà, pè mí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí n bá ọ fi orúkọ rẹ sórí ìlà.