Ọ̀wẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wa, mo gbọ́ pé ẹ ti ń to iṣẹ́ ìlú tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́dún yìí sórí ìwé, àti pé kànga ẹ̀rọ ló wà lókè pátápátá. Ìtara yín dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kànga ẹ̀rọ tí àwa gbẹ́ fún yín.

Ọdún kejì tí mo wọ ẹgbẹ́ ni. A yan abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, nítorí pé ọ̀kan nínú wa gba ibẹ̀ kọjá, ó sì rí àwọn obìnrin tó ń ru omi odò. Oṣù mẹ́fà la fi wá owó. A fọ mọ́tò fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ Àìkú, a tọrọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, a sì tún dá owó láàárín ara wa. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sọ sumo, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, sínú rẹ̀, wọ́n gbé tánkì sórí irin, a ra jẹnẹrétọ̀. A kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa gàdàgbà sára tánkì kí ẹni tó wà lójú títì lè kà á. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, baálẹ̀ súre fún wa, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò, a wálé.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Tánkì ti gbẹ. Wọ́n ti jẹnẹrétọ̀ mọ́lé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sí Èkó. Nígbà tó wà nílé pàápàá, a kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ pé ta ni yóò máa ra epo. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn sì mú, omi lọ sílẹ̀ jìnnà, sumo ń fa afẹ́fẹ́ títí ó fi jóná. Ìyá kan tó ru garawa dúró, ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní: "Ọmọ mi, ẹ̀rọ omi yín ti dákẹ́ o."

"Yín" ló wí. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà láàárín abúlé wọn, síbẹ̀ tiwa ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ mọ bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tó níṣẹ́ ló ń bẹ̀ ẹ́. Òun ló mọ ibi tí oko rẹ̀ parí sí, òun ló ń dá ọjọ́, ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n bá lọ tán, oko ṣì jẹ́ tirẹ̀, òun náà ni yóò sì ro ó nígbà tí koríko bá tún hù. Ti àáró tún yàtọ̀ díẹ̀: oko mi lónìí, oko rẹ lọ́la, kò sẹ́ni tó wá di ọlọ́rẹ lórí ẹnì kejì. Nínú méjèèjì, àlejò kì í déédéé kó ọkọ́ wọ oko olóko. Ohun tí àwa ṣe gan-an nìyẹn. A pe ara wa sí ọ̀wẹ̀, a dá ọjọ́ fúnra wa, a tún gbé oúnjẹ dání lọ.

A padà síbẹ̀ láìmú kámẹ́rà lọ́wọ́. A jókòó ti baálẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin, nítorí àwọn ló ń pọnmi. Ìgbà yẹn la gbọ́ pé kànga kan wà lẹ́yìn ilé baálẹ̀, tí àwọn baba wọn gbẹ́, omi sì máa ń wà nínú rẹ̀ jálẹ̀ ọdún, àfi nínú oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí a bá wọn gbẹ́ ẹ jìn sí i. Àbọ̀ owó tí a ná sórí sumo àti tánkì ì bá ṣe é kó ṣẹ́ kù.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn la gbẹ́ ẹ, torí àwọn agbẹ́kànga sọ fún wa pé omi téèyàn bá bá nígbà náà kì í sá mọ́. A fi ríǹgì kọnkéré tò ó nínú kí ògiri rẹ̀ má ya, a dá kọnkéré yí ẹnu rẹ̀ ká kí omi ìdọ̀tí má ṣàn padà sínú rẹ̀, a sì ṣe ìdérí fún un. Ṣáláńgá tó sún mọ́ ọn jù ni wọ́n fúnra wọn dí, wọ́n gbẹ́ òmíràn tó jìnnà ju 30 mítà lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ìyá kan tó ń tọ́jú owó àjọ wọn ló ń gbà á. Okùn ti já lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. A kò gbọ́ títí wọ́n fi ra òmíràn.

Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni mo rí nígbà tí a tẹ̀ lé àwọn tó ń fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára rọpárọsẹ̀. Iṣẹ́ náà rọrùn lójú: ẹ̀kán méjì sẹ́nu ọmọ, kí a sì fi máákà kun ọmọ-ìka rẹ̀ kí wọ́n má baà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tí a wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ kanlẹ̀kùn títí, wọn kò dá wa lóhùn. Ìyá àdúgbò tó ń ṣáájú wa ló pe orúkọ ìyá ọmọ láti ìta, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ọdún 1985 ni ẹgbẹ́ Rotary, ẹgbẹ́ aláàánú àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ PolioPlus, ìpolongo láti lé àrùn rọpárọsẹ̀ kúrò láyé. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé wild poliovirus, ìyẹn kòkòrò àbáláyé tó ń fa rọpárọsẹ̀, ti kúrò ní ẹkùn Áfíríkà. Ọdún 35. Nígbàkígbà tí mo bá rántí ìyá yẹn, mo máa ń ronú iye irú rẹ̀ tí wọ́n ti rìn láti ilé dé ilé, tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò wọn.

Ní ti iṣẹ́ gọ́tà kíkó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rántí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 n'Ìbàdàn, tó gbé afárá lọ tó sì gbẹ̀mí àwọn èèyàn, kò nílò kí n sọ ìdí tó fi yẹ kí a máa kó o. Ẹ ṣáà rí i pé ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ lọ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹrẹ̀ tí a kó sétí gọ́tà lọ́jọ́ Sátidé, òjò ọjọ́ Ajé ló dá a padà sínú rẹ̀ lójú wa.

Ẹ má sì máa ya fọ́tò ojú ọmọ ọlọ́mọ tó ń gba ìwé tàbí bàtà lọ́wọ́ yín. Mo ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, mo sì ti pa fọ́tò náà rẹ́, torí ojú ń tì mí fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá tó ń tọ́jú owó kànga pè mí. Wọ́n fẹ́ kọ́ ṣáláńgá sí ilé ìwé àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti ra sìmẹ́ńtì báàgì mẹ́fà, wọ́n ti rí bíríkìlà, ọwọ́ tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ ló kù. Ó ní àwọn fẹ́ fi bẹ̀ wá lọ́wẹ̀, àmàlà ni àwọn yóò sì sè. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n dá. Ẹ bá mi lọ. Kí olúkúlùkù mú ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì dání.