Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Àjọ Tó Sanwó fún Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Bí ọdún yìí ṣe ń lọ sópin, tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó ṣe mí lóore jù nínú rẹ̀, owó ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ló máa fẹ́ kí n fi ìrírí ṣáájú. Ìrírí wà níbẹ̀, mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àjọ tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, àjọ kékeré kan n'Íbàdàn tó ń bá àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, san owó fún mi lóṣooṣù. Kò tó 70,000 náírà tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ ní 2024. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe owó yẹn, n kì bá tí lè dé ibẹ̀ rárá.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, owó takisí Micra láti Àgbọ̀wọ́ dé Dùgbẹ̀, àti láti Dùgbẹ̀ dé kọ́ọ̀tù Ìyágankú, àlọ àti àbọ̀, ti tó ohun tó lè dá ọmọ tálákà dúró sílé. Kò tíì kan oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ṣáńbà, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn lọ́yà, ni kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kan. Wọ́n á ní ṣebí ẹ̀kọ́ ló wá kọ́. Ta ló wá ń rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọmọ ẹni tó ní ni. Ọmọ tó mọ bí ó ṣe ń rí kí ọlọ́pàá gbé ẹ̀gbọ́n ẹni lọ, tí ilé ò sì mọ ẹni tí wọn yóò pè, òun ló máa ń jókòó sílé. Ó dùn mí gan-an, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ń wá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ò lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, ìyẹn di ẹ̀yìn ìgbà tó bá jáde ní Law School, tí wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní Kọ́ọ̀tù Gíga Jù Lọ. Iṣẹ́ tiwa ni ká tẹ̀ lé àwọn lọ́yà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, ká kọ ọjọ́ tí wọ́n mú kálukú sílẹ̀, kọ́ọ̀tù tí wọ́n gbé e lọ àti ìgbà tí wọ́n tún ní kó wá, lẹ́yìn náà ká lọ wá fáìlì rẹ̀ kiri.

Wíwá fáìlì yìí ni mo fi rí ibi tí ẹjọ́ ti ń há. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní bí ènìyàn bá wà látìmọ́lé fún oṣù méjì tí wọn ò gbẹ́jọ́ rẹ̀, kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà pẹ̀lú àdéhùn tàbí láìsí àdéhùn. Ṣùgbọ́n abala kan náà yọ ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tó la ikú lọ kúrò nínú oore yẹn. Ìdigunjalè la ikú lọ. Adájọ́ májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ gbé afurasí lọ, adájọ́ náà á ní kí wọ́n fi í pamọ́ sí Agodi, kí ẹ̀dà fáìlì sì lọ sọ́dọ̀ DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, fún ìmọ̀ràn. Ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, níbi tí DPP wà, wà ní Sẹkitéríàtì, Agodi náà ni. Ọ̀nà ò jìn rárá, ṣùgbọ́n mo rí fáìlì tó lo ọ̀pọ̀ oṣù láàárín kọ́ọ̀tù àti DPP, tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ jókòó sẹ́wọ̀n tí òfin fúnra rẹ̀ ṣì ń pè é ní aláìṣẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni kíka ìwé ìbúra fún ẹni tí kò mọ̀wé. Òfin ní a gbọ́dọ̀ kà á fún un ní èdè tó gbọ́, kó tó tẹ̀ka sí i, kí ẹni tó bá a kọ ọ́ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá àgbà kan wá lórí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ohun tó wà nínú ìwé ọlọ́pàá la fi bẹ̀rẹ̀. Mò ń kà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo dé ibi tó ní ilé ni wọ́n ti mú ọmọ náà lóru. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Dúró ná, ọmọ mi. Ta ló ní ilé? Ṣọ́ọ̀bù ni, ọ̀sán gangan. Àwọn oníbàárà rẹ̀ méjì wà níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ kí n kọ ọ́."

Wọ́n tún un sọ, pẹ̀lú orúkọ àwọn oníbàárà náà. Ọ̀gá mi pa gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ tì. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà wá búra, Kọ́ọ̀tù Gíga sì fún ọmọ náà ní béèlì lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ẹjọ́ ò tíì parí, ṣùgbọ́n ilé ló ti ń wá sí kọ́ọ̀tù báyìí. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ tí mo ka ìwé ìbúra yẹn fún màmá la fi ṣe é. Ní ìsinmi 2024, irú àkókò yẹn ni mo máa ń sáré lọ kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ àfikún kí n lè rówó jẹun.

Mo ti ń bẹ àwọn àgbà wa tó ti jáde pé kí wọ́n dá owó jọ, kí àjọ náà lè gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kan ti gbà. Ó dájú pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan ló máa rọ́pò mi, mo sì ti kọ ohun tó máa nílò sílẹ̀ fún un: kó ní yíǹkì ìtẹ̀ka tirẹ̀, kó má kúrò ní régísírì, ọ́fíìsì tí fáìlì kọ́ọ̀tù wà, láìgba ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kàn, kó sì tètè máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, nítorí èrò máa ń pọ̀.