Ave Verum ti Byrd ní kwáyà wa

Ẹ̀yin ará, kwáyà wa ní Ìkòròdú níbí ti ń kọ́ Ave Verum Corpus o, orin Látìn nípa Ara Kristi, tí William Byrd, Kátólíìkì ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkójọ orin, ṣe, tó jáde ní 1605, nígbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gba Míísà láàyè, tó jẹ́ pé inú ilé làwọn Kátólíìkì ti ń ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Ohùn mẹ́rin ni, kò sí ìlù, kò sí kíbọ́ọ̀dù. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gan-an ló mú mi: sòpúránò á kọ "se" (ìyẹn "soh" tí wọ́n gbé sókè díẹ̀ nínú sólfà), kò ní pẹ́ rárá báàsì á ti gbé "soh" gangan wọlé, á wá dà bíi pé ẹnì kan ti ṣì í kọ, àmọ́ bí Byrd ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín tún un ṣe! Àwọn bọ̀ọ̀dá tó ń kọ báàsì, láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, sólfà la fi ń kọ́ wọn. Àwọn kan ní orin Látìn ò bá wa mu, mi ò gbà rárá. Tá a bá dé "O dulcis" (ìyẹn "Ìwọ aládùn"), tí sòpúránò dá a, táwọn tó kù gbè é, orí mi máa ń wú. Ọjọ́ Corpus Christi, àjọ̀dún Ara Kristi, la fẹ́ kọ ọ́, tẹ́nọ̀ ò tíì pọ̀ tó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá.