Aago Kan Náà, Oòrùn Ọ̀tọ̀: Ìgbé Ayé Mi ní Salamanca

Nígbà òtútù, aago màmá mi ní Ìbàdàn àti aago tèmi ní Salamanca, ní orílẹ̀-èdè Spéìn, kì í fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ síra. Bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá ti lù lọ́dọ̀ wọn, ó ti lù lọ́dọ̀ mi náà. Síbẹ̀, bí màmá bá pè mí ní wákàtí yẹn nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ràn sí àgbàlá wọn, èmi sì ṣì ń tan iná kí n tó rí bàtà mi, nítorí pé aago mẹ́jọ ààbọ̀ máa ń kọjá kí oòrùn tó yọ níhìn-ín. Apá ìwọ̀ oòrùn ìlà Greenwich, ìlà tó gba London kọjá tí wọ́n fi ń ka aago ayé, ni Salamanca wà, kò sì yẹ kí aago rẹ̀ ṣáájú ti London, ṣùgbọ́n láti ọdún 1940 ni ìjọba ọ̀gágun Franco, tó ń ṣàkóso Spéìn nígbà náà, ti sún aago ibẹ̀ síwájú kí ó lè bá ti àárín gbùngbùn Yúróòpù dọ́gba, wọn kò sì dá a padà láti ìgbà náà.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ aago yìí nítorí pé òun ló fún mi ní wàhálà ju èdè wọn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo wọ ilé oúnjẹ kan ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ebi gidigidi, wọ́n sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ó di aago mẹ́sàn-án kí wọ́n tó tún dáná. Búrẹ́dì ni mo jẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Aago méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ lójoojúmọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké sì ń tì títí di nǹkan bí aago márùn-ún. Ẹni tí kò bá ra ohun tí yóò sè ní ọjọ́ Sátidé yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ọjà ló wà ní títì ní ọjọ́ Àìkú. Ní aago kan ọ̀sán, nígbà tí màmá ti jẹun tán, wọ́n á bi mí pé, “Ṣé o ti jẹun?” Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, “Rárá, ẹ̀yin màmá mi, ó kù díẹ̀,” ọkàn wọn kì í sì í balẹ̀.

Ọdún 1218 ni ọba Alfonso IX ti León dá yunifásítì wa sílẹ̀. Bí mo bá ń lọ sí kíláàsì, mo máa ń rí lẹ́tà pupa lára àwọn ògiri òkúta rẹ̀: orúkọ àwọn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ni, pẹ̀lú àmì tí wọ́n ń pè ní vítor, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù wà lára ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà rẹ̀ láyé àtijọ́. N kì í lè kọjá láìdúró wò ó. Mo fẹ́ràn ìlú tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé sára ògiri rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ènìyàn ló ń jáde rìn. Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ pàdé, “lábẹ́ aago” ni a máa ń sọ, kò sì sí ẹni tó ń béèrè aago wo, torí pé èyí tó wà ní Plaza Mayor ni, gbàgede ńlá tí wọ́n kọ́ láti ọdún 1729 sí 1755. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Villamayor, ìlú kékeré kan nítòsí wa, ni wọ́n fi kọ́ ọ, irin tó wà nínú òkúta náà ló ń mú kí ó pọ́n bíi wúrà bí oòrùn bá ń wọ̀.

Nínú oṣù Kejì, èmi àti ọmọ kíláàsì mi méjì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ávila, ìrìn tó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Odi ìlú náà ṣì dúró yí ká, ó gùn tó kìlómítà méjì ààbọ̀, bodè mẹ́sàn-án ló sì ní. Ní Ìbàdàn tí mo ti wá, odi ti wó tipẹ́, orúkọ ọjà Bódè ló kù tí à ń pè; nítorí náà, nígbà tí mo gba abẹ́ bodè gidi kọjá, tí mo sì gun orí odi nínú afẹ́fẹ́ tútù, inú mi dùn, ó sì tún bà jẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn kàtídírà wọn gan-an jẹ́ apá kan lára odi náà.

Aago mẹ́ta ni a tó jókòó jẹ ẹ̀wà funfun ńláńlá tí wọ́n ń gbìn ní El Barco de Ávila. Bàbá àgbàlagbà kan tí a kò mọ̀ rí ń jáde lọ, ó sì kí wa pé, “Que aproveche,” kí oúnjẹ náà ṣe wá lóore. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń sọ nílé fún ẹni tó bá wọn nídìí oúnjẹ pé, “O bá ire.” Mo ya àwòrán ẹ̀wà náà ránṣẹ́ sí màmá, wọ́n sì béèrè bóyá ata wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n sún aago síwájú ní wákàtí kan. Màmá pè mí ní aago méjì ọ̀sán tiwọn, mẹ́ta ti lù lọ́dọ̀ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jókòó sí i. Wọ́n ní kí n má tíì bẹ̀rẹ̀, kí n gbé fóònù sórí tábìlì, pé àwọn náà kò tíì jẹ tiwọn, àwọn ń lọ gbé e wá.